Re: Apèsè ni o, kì í ṣe “àpèsè”

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín.

Àbúrò wa kan fi àpilẹ̀kọ gígùn ránṣẹ́ síbí, ó ń kọ́ wa bó ṣe fi Janet, èdè kọ̀ǹpútà kan tó jẹ́ ti ìdílé Lisp, kọ iṣẹ́ ẹ̀yìn ìkànnì kékeré kan, níbi tí èèyàn ti lè béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá kí ó sì rí i gbà. Mo kà á tán. Iṣẹ́ gidi ni. Mélòó nínú wa ló lè jókòó fi Yorùbá ṣàlàyé Lisp, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti Janet, irú Lisp tí àwọn tó ń lò ó kò pọ̀? Ṣùgbọ́n láti ìpínrọ̀ kejì ló ti ń pe sáfà (ètò tó ń gba ìbéèrè, tó sì ń dá èsì padà) ní “àpèsè”, àmì ohùn ìsàlẹ̀ lórí fáwẹ̀lì àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ ọ́ títí tó fi parí. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìbàdàn rọra pe àkíyèsí rẹ̀ sí i. Èsì tó fọ̀ ni pé: “Àmì lásán nìyẹn, ẹ kúkú mọ ohun tí mò ń sọ.”

Àmì lásán! Mi ò bá ti dákẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́.

Mọ́fíìmù (ègé ọ̀rọ̀) a- olóhùn àárín la fi ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di olùṣe: apẹja, adájọ́, akọrin, akẹ́kọ̀ọ́, apànìyàn. À- olóhùn ìsàlẹ̀, ohun tí a ṣe ni tirẹ̀, tàbí ẹni tí a ṣe é sí: àkójọ, àkọsílẹ̀, àfikún, àtúnṣe. Ẹ wo àyànfẹ́. Ẹni tí a yàn ni, kì í ṣe ẹni tó ń yàn. Ẹ wo àfẹ́sọ́nà bákan náà. Pèsè ni ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nílẹ̀ yìí. Apèsè ni ohun tó ń pèsè. Àpèsè ni ohun tó pèsè sílẹ̀. Bí mo bá béèrè ìtumọ̀ “ọ̀gọ̀” lọ́wọ́ ìkànnì àbúrò wa, apèsè ló gbọ́ mi, ojú-ìwé tó dá padà fún mi ni àpèsè. Ẹni tó pe apèsè ní àpèsè ti pe alásè ní ọbẹ̀.

Àwọn àgbà tó sọ ẹ̀rọ lórúkọ fún wa kò ṣi èyí ṣe. Asọ̀rọ̀mágbèsì. Amóhùnmáwòrán. Amúlétutù. Amúnáwá. Ayára-bí-àṣá. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe ni wọ́n wò, wọ́n fi a- síwájú rẹ̀, ó tán. Tẹlifíṣọ̀n ti wà ní Ìbàdàn láti 1959, mi ò tí ì gbọ́ kí àgbà kan pè é ní “àmóhùnmáwòrán”. Bàbá tó kọ́ wa ní Yorùbá ní mọ́dà kì í bínú bí ọmọ bá gbàgbé lẹ́tà kan. Ohùn ni kì í fojú fò. Á ní kí o dìde, kí o fi súfèé pe ọ̀rọ̀ náà níwájú kíláàsì. Bí àwọn tó kù kò bá dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀, ìwọ lo máa pọnmi tíṣà lọ́jọ́ náà. Irú wọn ti tán báyìí. Àwọn tó rọ́pò wọn ń fi WhatsApp kọ “e kaaro” sí àwọn òbí.

Ẹni tó dábàá kí a pe sáfà ní “olùsìn”, ẹ jọ̀ọ́, ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn olùsìn wà. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n wa ní London ní òun kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní Ifẹ̀, pé à- náà máa ń bí olùṣe, wọ́n wá kó àgbẹ̀, àlejò àti àrólé kalẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún Ifẹ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Kí wọ́n kàn fi ọ̀rọ̀-ìṣe inú àgbẹ̀ hàn mí. “Gbẹ̀” ni àbí kí ni? Kí wọ́n gé àlejò fún mi kí n rí ibi tí ọ̀bẹ bá wọlé. Ọ̀rọ̀ tí kò ṣe é gé kò lè jẹ́rìí fún mọ́fíìmù kankan. Ti àrólé ló ní egungun, màá padà dé orí rẹ̀.

Ibi tó wá dùn mọ́ mi jù nìyí: Janet fúnra rẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n wa ará Ìbàdàn. Calvin Rose ló dá èdè náà sílẹ̀, òun náà ló ti kọ́kọ́ dá Fennel, Lisp mìíràn, sílẹ̀. Èdè C ni wọ́n fi kọ Janet, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpáílà inú rẹ̀ (apá tó ń túmọ̀ ohun tí a kọ fún ẹ̀rọ) kò tó mẹ́gábáìtì kan, ó sì gba àmì ohùn nínú orúkọ láìjanpata. Bí mo bá yọwọ́ apá tó ń wá ìtumọ̀, gbogbo ìkànnì àbúrò wa kò ju èyí lọ:

(import spork/http)

(defn apèsè [ìbéèrè]
  {:status 200
   :headers {"Content-Type" "text/plain; charset=utf-8"}
   :body (wá-ìtumọ̀ ìbéèrè)})

(defn main [& _]
  (http/server apèsè "127.0.0.1" 8000))

Ẹ wò ó dáadáa. Ìbéèrè wọlé, apèsè gbà á, ohun tó wà láàárín àkámọ́ oníṣùpọ̀ yẹn ló dá padà, ìyẹn ni àpèsè. Bí ẹ bá sọ ọ́ ní apèsè lókè tí ẹ wá pè é ní àpèsè nísàlẹ̀, Janet yóò dáhùn pé unknown symbol (òun kò mọ orúkọ yìí), kò sì ní gbé ẹsẹ̀ kan. Kò ní sọ pé òun kúkú mọ ohun tí ẹ ń sọ.

Ó tiẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. À lè jẹ́ lẹ́tà kan tí Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ti dì pọ̀, báìtì 2 (báìtì ni ìwọ̀n kékeré tí ẹ̀rọ fi ń ka ohun tó tọ́jú). Ó sì lè jẹ́ a lásán tí àmì tẹ̀ lé lọ́tọ̀, báìtì 3. Ojú èèyàn kò lè yà wọ́n. Janet kò mọ̀ wọ́n mọ́ ara wọn rárá, torí báìtì ló ń kà, kì í ka lẹ́tà. Ọ̀ ní tirẹ̀ kò tiẹ̀ ní èyí tí a dì pọ̀: ọ jẹ́ báìtì 3, àmì orí rẹ̀ 2, nítorí náà, bí ẹ bá kọ (length "ọ̀"), 5 ni yóò fún yín. Ẹni tó fi fóònù tẹ fáìlì kan, tó wá fi kọ̀ǹpútà tẹ èkejì, lè máa wo apèsè nínú méjèèjì kí Janet máa bá a jiyàn pé òun kò gbọ́ orúkọ náà rí. Ojú mi ti rí i. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di irú kan náà kí ó tó wọ tábìlì tí a to ìtumọ̀ sí, kí a sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń béèrè bá tẹ̀ pẹ̀lú.

Kí wá ni àbúrò wa ṣe? Ó bó gbogbo àmì dànù! Ti òkè, ti ìsàlẹ̀, kò dá ọ̀kan sí. Ó kọ ọ́ sínú àpilẹ̀kọ náà pẹ̀lú ìdùnnú pé “ó mú kí ìwákiri rọrùn”. Ẹni tó bá béèrè ọkọ́ tí a fi ń roko lọ́wọ́ ìkànnì yẹn yóò gba ọkọ ìyàwó, ọkọ̀ tí à ń wọ̀, ọ̀kọ̀ ọwọ́ jagunjagun, oko, àti òkò tí ọmọdé ń sọ lu máńgòrò, gbogbo rẹ̀ nínú àpèsè kan. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gbà pé ọ̀rọ̀ àmì yìí kéré. Ẹni tó ní àmì kò já mọ́ nǹkan nínú orúkọ kọ ẹ̀rọ tí àmì kò já mọ́ nǹkan nínú rẹ̀, ìkànnì ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sì ni o! Mo mọ̀ pé fóònù ọ̀pọ̀ èèyàn kì í jẹ́ kí wọ́n rí àmì tẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ wá èyí tó bára mu gẹ́lẹ́. Bí kò bá sí, nígbà náà ni kó bó àmì, kó kó àwọn tó jọ ọ́ jáde. Kò gba ju ìlà mélòó kan lọ.

Ẹnìkan ní kí a jáwọ́, kí a máa pè é ní sáfà, ó parí. Mi ò kórìíra sáfà, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. A kúkú ń lo mọ́fíìmù àti fáwẹ̀lì níbí láìsí ìjà. Ṣùgbọ́n bí a bá máa dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí a dá a bó ṣe yẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí orúkọ tó bá ráyè wọlé kì í jáde mọ́. Ẹ bi àwọn oní-Lisp. Ní 1958 tí John McCarthy bẹ̀rẹ̀ Lisp ní MIT, IBM 704 ni ẹ̀rọ tí wọ́n ní, inú apá méjì nínú ọ̀rọ̀ ìrántí ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n ti fa car (ohun àkọ́kọ́ nínú àkójọ) àti cdr (ìyókù àkójọ) yọ. Ẹ̀rọ náà ti kú, ó ti jẹrà. Car àti cdr ṣì wà nínú Common Lisp àti Scheme, àwọn Lisp méjì, dòní, àwọn tí kò rí IBM 704 rí ló ń pè é. Janet ló ní òun kò ṣe, first lòun ń pe tòun. Ṣé “àpèsè” la fẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa jẹ tiwa?

Lórí àwọn ọ̀rọ̀ yòókù inú àpilẹ̀kọ náà. “Ìtúká” tó fi pe gbígbé iṣẹ́ lọ sórí sáfà (deploy), mo rò pé ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ nípa ọmọ-ogun ló ṣí. Ọjà ló ń túká, ìpàdé ló ń túká. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé iṣẹ́ rẹ̀ ti túká á wá ibi jókòó sí. “Ó ti gbé e sórí sáfà” tó, kò sí ẹni tí kò ní gbọ́ ọ. “Èbúté 8000” tó fi pe port 8000 pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣé ọkọ̀ òkun fẹ́ gúnlẹ̀ ni? Nọ́ńbà tí à ń wí yìí, òun ló ń jẹ́ kí ìránṣẹ́ tó dé orí ẹ̀rọ mọ ilẹ̀kùn tó máa kàn, láàárín àwọn iṣẹ́ tó pọ̀ níbẹ̀. Gbogbo wa la kọ lẹ́tà ní ilé-ẹ̀kọ́: Ojúlé 14, Òpópónà báyìí-báyìí. Ojúlé ti wà nílẹ̀. Ojúlé 8000. Àmọ́ o, “kólẹ̀kódọ̀tí” tó fi pe apá Janet tó ń palẹ̀ ìrántí tí a kò lò mọ́, mo ṣí fìlà fún un! Èyí la fi ń mọ̀ pé ọmọ náà gbọ́ èdè, ìkánjú ló ń bá a jà.

Nil, ọ̀rọ̀ tí àwọn èdè wọ̀nyí fi ń sọ pé kò sí nǹkan kan, le díẹ̀. “Òfo” ló pè é, ó tiẹ̀ kọ ọ́ ní “òfò” níbì kan, bí ẹni pé jàǹbá ṣe ẹnìkan nínú ètò náà. Ká tilẹ̀ fi ohùn sílẹ̀. Nínú Common Lisp, nil àti àkójọ tí kò ní nǹkan kan nínú, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n, irọ́ ló sì dúró fún. Bí ẹ bá pe ìyẹn ní òfo, mi ò ní bá yín jà. Nínú Janet, nil àti false nìkan ni irọ́. Àkójọ tí kò ní nǹkan nínú, òótọ́ ni. Odo pàápàá, òótọ́ ni. Bí ẹ bá sì fi nil sí abẹ́ orúkọ kan nínú tábìlì, orúkọ náà á pòórá kúrò níbẹ̀ ni, bí ẹni pé ẹ kò fi í síbẹ̀ rí. Ohun tó ṣófo ṣì wà. Èyí kò sí. Àìsí ni mo fara mọ́. Ẹ̀gbọ́n wa Ìbàdàn ní àìsí dà bíi pé èèyàn ṣaláìsí. Bóyá. Kí wọ́n mú tiwọn wá.

Ó ku àrólé. Ró ilé wà nínú rẹ̀ kedere, ẹni tó sì ń ró ilé ni à ń pè bẹ́ẹ̀, a kò ró o. Oòni gan-an là ń pè ní Àrólé Oòduà, ta ni èmi tí màá sọ pé wọ́n pè é ṣì? Mo fura pé ohùn náà yí padà lẹ́nu àwọn akéwì kí ó tó wọ ìwé, pé arólé ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ní London ní àlá lásán ni mò ń lá. Ẹni tó bá ti gbọ́ arólé olóhùn àárín lẹ́nu àgbà, kó sọ ìlú tó ti gbọ́ ọ fún wa, kó sì jẹ́ ẹnu àgbà o, kì í ṣe ìwé ẹnikẹ́ni. Láti ìpàdé Èkó 1875 lórí bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀ ni àwọn tó ń kọ̀wé ti ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ àmì àti lẹ́tà.

Àfikún (à- ìsàlẹ̀ nìyẹn): àbúrò, o fi os/getenv ka ọ̀rọ̀ aṣínà ibi ìkóǹkanpamọ́ rẹ níta main, apá tí ètò ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí a bá ṣí i. Nígbà tí o bá sọ pé jpm build (àṣẹ tó ń di ètò sínú fáìlì kan), gbogbo ohun tó wà níta main ti ṣẹlẹ̀ tán lórí ẹ̀rọ tìrẹ, ohun tó kà níbẹ̀ ló sì máa dì sínú fáìlì tí o gbé sórí sáfà. Ọ̀rọ̀ aṣínà ẹ̀rọ ilé rẹ ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Gbé ìlà náà wọnú main, kí o sì pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà náà lónìí.