Báwo ni mo ṣe lè kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tuntun láti gbọ́ ìtàn aláìsàn?

Sístà Wọ́ọ̀dù
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Màtírọ̀nì ní kí n máa fi wákàtí kan kọ́ àwọn ọmọ wa ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí sí aláìsàn.

Ohun tó fà á ni màmá kan tó ń ta èlùbọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, wọ́n sì ti ṣubú lóru. Ọmọ wọn obìnrin ló ń dáhùn gbogbo ìbéèrè, ó ní màmá òun kì í lo oògùn. Dókítà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sí fáìlì, ó parí. Ọjọ́ kẹta ni akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan jókòó tì wọ́n: "Mọ̀mí, báwo lẹ ṣe ń lò ó gan-an?" Wọ́n ní àwọn ń lò ó, àmọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀ máa ń mú àwọn tọ̀ ṣáá. Ilé ìtọ̀ ọjà jìnnà, owó ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, ta ni yóò sì bá àwọn ṣọ́ igbá? Ni wọ́n bá ń lò ó lálẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń sáré lọ tọ̀ lóru ni wọ́n ti ṣubú.

Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ka ìtàn kan fún wọn. Ọ̀kan ń yán, èkejì ní, "Sístà, ṣé òǹkọ̀wé lẹ fẹ́ sọ wá dà ni?" Ẹ gbà mí o.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní New York
Ẹ kú ìrọ́jú, àǹtí mi. Narrative medicine, ìyẹn ìṣègùn tó ń fetí sí ìtàn aláìsàn, ni wọ́n ń pè é níbí. Rita Charon, dókítà tó tún kàwé gboyè nínú lítíréṣọ̀, ló dá ètò rẹ̀ sílẹ̀ ní Yunifásítì Columbia ní 2000. Èyí tó máa wúlò fún yín jù ni "parallel chart" tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993: ohun tí kò ní àyè nínú fáìlì, akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ sínú ìwé mìíràn. Bí baba tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì bá rán an létí bàbá àgbà rẹ̀ tó ti kú, kò lè kọ ìyẹn sí fáìlì, síbẹ̀ ó yẹ kó ríbi kọ ọ́ sí. Á wá kà á sókè fáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Bó bá kà á tán, ẹ má bi í ìdí tínú rẹ̀ fi bà jẹ́. Ẹ sọ̀rọ̀ lórí ohun tó kọ: ibo ló ti bẹ̀rẹ̀, ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ta ni kò sọ̀rọ̀ rárá? Nínú ọ̀rọ̀ màmá elélùbọ́, ẹni tó ni àìsàn ni kò sọ̀rọ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Dókítà Aláìsùn
Ẹ má bínú o, ẹ̀gbọ́n. Èèyàn 60 lè máa dúró dè mí láàárọ̀ kan. Bí mo bá ní kí baba arúgbó kan sọ ìtàn, àtìgbà tí wọ́n ṣe ìpìlẹ̀ ilé ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní New York
😄 Òótọ́ ni. Àmọ́ lọ́dún 1984, àwọn olùwádìí méjì, Beckman àti Frankel, wo bó ṣe ń pẹ́ tó kí dókítà tó gé ọ̀rọ̀ mọ́ aláìsàn lẹ́nu ní Amẹ́ríkà. Ìṣẹ́jú àáyá 18 ni ìpíndọ́gba rẹ̀! Ẹ fún baba ní ìṣẹ́jú méjì péré.

Àgbà Abẹ́òkúta
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má rò pé òkè òkun ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ní 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lámbò, dókítà àìsàn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aró, ní Abẹ́òkúta níbí: aláìsàn ọpọlọ ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, ẹbí rẹ̀ kan wà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ tún wo babaláwo. Ẹni tó wá dífá á sọ ohun tó gbé e wá sí owó létí, babaláwo ò ní gbọ́. Á máa ki ẹsẹ Ifá títí tí ẹni náà á fi ní, "Ibẹ̀ náà nìyẹn!" Ìtàn làwọn náà fi ń ṣiṣẹ́. Sístà, ìtàn ta lẹ kà fún wọn? Bó bá jẹ́ ti òyìnbó, ẹ gbìyànjú àlọ́.

Ìyá Ìbejì (nọ́ọ̀sì)
Ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi: kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, ní Yorùbá, kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀. Baba kan ní "jẹ̀díjẹ̀dí ń dà mí láàmú", ọmọ wa kọ "piles". Nígbà tá a bi wọ́n, ìbàdí ló ń dùn wọ́n. Ẹlòmíràn, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ló ń pè bẹ́ẹ̀. "Orí mi ń hó" náà yàtọ̀ sí orí fífọ́.

Ìlà márùn-ún tó wọn kà, ìṣẹ́jú márùn-ún tó wọn kọ. Kí wọ́n má fi orúkọ aláìsàn sí i, kí wọ́n má sì yà á sórí WhatsApp. Láti 2023 la ti ní òfin tó ń dáàbò bo dátà aráàlú ní Nàìjíríà.

Dókítà Aláìsùn
Jẹ̀díjẹ̀dí! Ẹ ti mú mi. Mo kọ "piles" fún ẹnì kan láàárọ̀ yìí. Ó ṣì wà ní wọ́ọ̀dù, mò ń lọ bi í.

Sístà Wọ́ọ̀dù
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ra ìwé 12. Jẹ̀díjẹ̀dí ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ìṣòro kan ló kù: Màtírọ̀nì ní àwọn náà ń bọ̀ wá jókòó. Ṣé kí wọ́n kọ tiwọn ni, àbí kí wọ́n kàn máa wò wá?

Ìyá Ìbejì (nọ́ọ̀sì)
Kí wọ́n kọ ọ́. Àwọn ni kó sì kọ́kọ́ kà á.