Ẹsẹ̀ ń kú nínú Siddhasana: kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ yoga dunjú, ẹ gbà mí. Bí mo bá jókòó ní Siddhasana (ìjókòó yoga tí a ń ká ẹsẹ̀ méjèèjì, tí ẹsẹ̀ kan wà lórí èkejì) láti ṣe àṣàrò, ẹsẹ̀ òsì tó wà nísàlẹ̀ á kú kí ìṣẹ́jú 20 tó pé. Orúnkún ọ̀tún kì í sì í kan ilẹ̀.

Mo ti ń fi Baddha Konasana (ìjókòó tí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kanra, tí orúnkún sì ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́) ṣáájú, ìṣẹ́jú 3. Mo fi tìmùtìmù gbé ìdí sókè ní sẹ̀ǹtímítà 10: ẹ̀yìn nà dáadáa, àmọ́ etí tìmùtìmù náà ń tẹ abẹ́ itan. Mi ò ní fipá tẹ orúnkún wálẹ̀ o. Bí ìbàdí bá le, orúnkún ló ń jìyà rẹ̀. Ní tèmi, Vajrasana (ìkúnlẹ̀ tí a fi ìdí jókòó lé gìgísẹ̀) kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ kú, ọrùn ẹsẹ̀ ló ń dùn mí.

Ìdúró wo ló ń tú oríkèé ìbàdí dáadáa ṣáájú ìjókòó, ìṣẹ́jú mélòó ni kí n sì lò nínú rẹ̀?