Fọ́ọ̀kì aláfẹ́fẹ́ ń jo òróró, ó ń kan gbì, ó tún ń rì: ṣé joint spi (síìlì, rọ́bà tó ń dí òróró) nìkan ni?

Oníkẹ̀kẹ́Kétu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kẹ̀kẹ́ orí òkè àlòkù ni mo ń gùn ní Kétu níbí, lórí ilẹ̀ pupa àti ọ̀nà oko. Fọ́ọ̀kì iwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ méjì tó di táyà mú, jẹ́ aláfẹ́fẹ́. Ọ̀pá dídán rẹ̀ jẹ́ 32 mm, ibi tó lè rìn dé jẹ́ 100 mm. Òróró ń yọ yí ọ̀pá òsì ká, ó sì ń pò mọ́ eruku bí ẹrẹ̀. Tí mo bá tẹ bíréèkì iwájú, nǹkan ń kan gbì lábẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Fọ́ọ̀kì náà kì í sì í na tán mọ́: bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ sí lórí rẹ̀, ó máa ń rì tó 20 mm. Ẹni tó ń tún alùpùpù ṣe ládùúgbò ní òun máa fi joint spi alùpùpù sí i, òun á sì fi kpayo (epo bẹntiróòlù ẹ̀bá ọ̀nà) fọ inú rẹ̀. Ṣé kí n gbé e fún un? Irú òróró wo ni kí n rà, báwo ló sì ṣe máa pọ̀ tó?

Àjàṣẹ́_Sípánà

Àbúrò, má jẹ́ kí kpayo kan inú fọ́ọ̀kì yẹn rárá. Ó máa ń mú kí rọ́bà wú, síìlì tó bá sì ti wú, ètè rẹ̀ ò ní di ọ̀pá mú bó ṣe yẹ mọ́. Álúkóòlù 90° tí wọ́n ń tà ní fámásì àti aṣọ tí kì í tú òwú ló tó fún iṣẹ́ náà. Ti joint spi alùpùpù, bí ìwọ̀n inú rẹ̀ bá tiẹ̀ bá ọ̀pá mu, ó máa ń fún jù fún kẹ̀kẹ́. Fọ́ọ̀kì ò ní gbọ́ òkúta kéékèèké mọ́. Síìlì kẹ̀kẹ́ 32 mm ni kó o rà, pẹ̀lú òrùka fóòmù tó ń wà lábẹ́ rẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta tó o kà sílẹ̀ yẹn ò ti ibì kan náà wá, nítorí náà síìlì nìkan kò lè tán an.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti rírì. Nínú ẹsẹ̀ òsì ni písítìnì afẹ́fẹ́ wà. Afẹ́fẹ́ wà lókè rẹ̀ tó ń tì í síta, òmíràn wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń fà á wọlé. Rọ́bà roboto tó yí písítìnì ká ló là wọ́n. Tí rọ́bà yẹn bá jẹ, afẹ́fẹ́ òkè á jò lọ sísàlẹ̀, fọ́ọ̀kì á sì máa rì. Dán an wò báyìí: kọ iye afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, tú gbogbo rẹ̀ jáde, fi pọ́ǹpù fọ́ọ̀kì fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ padà, kó o sì máa tẹ fọ́ọ̀kì wọlé nígbà mélòó kan láàárín kí òkè àti ìsàlẹ̀ lè dọ́gba. Tó bá na tán tó sì dúró bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ni kò dọ́gba tẹ́lẹ̀. Tó bá tún rì lẹ́yìn tó o gùn ún, wá àpò rọ́bà písítìnì afẹ́fẹ́ fún oríṣi fọ́ọ̀kì rẹ. Nọ́ńbà ara fọ́ọ̀kì ni kó o fi wá a.

Ti gbì: tẹ bíréèkì iwájú, máa ti kẹ̀kẹ́ síwá sẹ́yìn. Fi ìka sí ibi tí ọrùn kẹ̀kẹ́ ti pàdé fọ́ọ̀kì. Tó bá ń mì níbẹ̀, bọ́ọ̀lù ọrùn ló tú, kò sì ju kó o mú un le lọ. Gbé ìka sí ibi tí ọ̀pá ti wọ síìlì. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ló ti ń mì, búṣìn (òrùka inú ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ tí ọ̀pá ń gbà rìn) ló ti jẹ. Yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kó o tún dán an wò, kó o má baà fi mímì ọrùn pe ti búṣìn.

Wàyí o, òróró. Yọ táyà iwájú àti bíréèkì kúrò, torí òróró kékeré lórí dísíìkì ti tó láti ba páàdì jẹ́. Tú afẹ́fẹ́ jáde pátápátá: ẹni tó bá ṣí fọ́ọ̀kì tí afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀ lè fara pa gan-an. Yọ bọ́tìnì ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Yí bóòtù ìsàlẹ̀ méjèèjì ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin péré, má tíì yọ wọ́n. Fi òòlù rọ́bà gbá orí wọn kí ọ̀pá inú lè jábọ́ kúrò níbi tó há sí. Gbé bàsíà sábẹ́, yọ bóòtù, kó o wá fa ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ jáde ní títọ́.

Wo àwọ̀ òróró tó dà. Tó bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ̀ ọ́. Tó bá dúdú tàbí tó ń dán bíi eérú irin, nǹkan ti ń jẹ nínú.

Fi ẹ̀yìn sípánà gbòòrò tú síìlì, pẹ̀lú aṣọ lábẹ́ rẹ̀ kó má baà họ etí ihò. Fọ ihò náà mọ́. Rẹ òrùka fóòmù sínú òróró, fi í sí àyè rẹ̀, kó o sì fi páìpù tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú etí síìlì tì í wọlé kó jókòó láìwọ́. Gíríìsì sílíkónì díẹ̀ ni kó o fi pa ètè rẹ̀; èyí tí wọ́n ń fi sí béárì ọkọ̀ kọ́. Sípíríǹgì tín-ín-rín tó yí síìlì ká gbọ́dọ̀ wà nínú kòtò rẹ̀.

Ti ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ wọlé dé ìdajì, gbé e dagun kí ihò bóòtù lè kọjú sókè, fi síríńjì rọ òróró gba ibẹ̀. Nínú àwọn tó ń ṣe fọ́ọ̀kì, RockShox ń lo 0W-30 nínú àwọn tuntun, 15wt nínú ọ̀pọ̀ ti àtijọ́ (nọ́ńbà yìí ń sọ bí òróró ṣe ki tó). Fox ń lo 20wt. Nǹkan bí 10 ml lẹ́sẹ̀ kan ló wọ́pọ̀ fún 32 mm, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìwé oríṣi tìrẹ ni kó o tẹ̀ lé. Àpọ̀jù òróró á gba àyè afẹ́fẹ́ inú ẹsẹ̀, fọ́ọ̀kì ò ní rìn dé òpin. Pààrọ̀ wáṣà bóòtù, kó o mú un le dé 7.3 N·m nínú ọ̀pọ̀ RockShox.

ÒkèṢábẹ̀ẹ́

Ọ̀gá Àjàṣẹ́ ti sọ ọ́ dáadáa. Mo fẹ́ fi ti ọ̀pá kún un, torí síìlì tuntun lórí ọ̀pá tó ti họ, ìnáwó òfo ni. Nu ọ̀pá mọ́, fi èékánná rìn ín láti òkè dé ìsàlẹ̀, pàápàá lẹ́yìn, níbi tó ń fara ro búṣìn. Tí èékánná bá há síbì kan, síìlì á máa já níbẹ̀. Ìlà kékeré tó gùn wálẹ̀, o lè fi ọ̀dà èékánná aláìláwọ̀ dí i, kí o jẹ́ kó gbẹ, kó o sì fi pépà oníyanrìn 2000 tó tutù rọra pọ́n ọn. Ìlà tó yí ọ̀pá ká tàbí ibi tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí tí álúmíníọ́ọ̀mù ń hàn, kò ní àtúnṣe tó máa pẹ́.

Ti búṣìn: ìpele dúdú tàbí eléérú kan ló máa ń wà lójú rẹ̀. Bí àwọ̀ idẹ pupa bá ti hàn, ó ti tán. Má gbé e fún ẹni tó ń gbẹ́ irin pé kó gbẹ́ tuntun, àlàfo tó wà láàárín òun àti ọ̀pá tín-ín-rín púpọ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá ṣì í, yálà ó há tàbí ó ń mì. Ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ àlòkù tó bá oríṣi rẹ mu sàn jù, kó o yẹ búṣìn inú rẹ̀ wò kó o tó sanwó.

Oníkẹ̀kẹ́Kétu

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò: ọrùn kò mì, ibi síìlì ló ń mì. Ọ̀pá kò họ. Ẹ̀ẹ̀mélòó ló yẹ kí n máa ṣí i? Àbúrò mi náà ní fọ́ọ̀kì Suntour XCT onísípíríǹgì, ṣé òun náà nílò òróró?

Àjàṣẹ́_Sípánà

Búṣìn ni nígbà náà, tẹ̀ lé ohun tí ÒkèṢábẹ̀ẹ́ wí. RockShox ní kí a máa tún ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ ṣe lẹ́yìn wákàtí 50 tí a fi gùn ún. Nígbà ọyẹ́, lórí ilẹ̀ Kétu yẹn, mo rò pé wákàtí 30 ló yẹ. Nu ọ̀pá àti ètè síìlì lẹ́yìn gbogbo ìrìn, fi aṣọ tútù, má yìnbọn omi sí i.

XCT kò ní òróró nínú ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀, gíríìsì ni wọ́n fi ń ṣe é. Tú u bákan náà, nu gíríìsì àtijọ́ tó ti dì, fi tuntun pa inú búṣìn àti sípíríǹgì. Irin ni ọ̀pá rẹ̀, nítorí náà wo bóyá ó ti ń dípẹtà kó o tó náwó lé e.