Ìrókò ẹ̀yìn ilé wa kì í so, kí ló dé?

Ọmọ_Ìgbómìnà: Ẹ ǹ lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ìrókò kan wà lẹ́yìn ilé bàbá wa l'Ómù-Àrán, igi ńlá, èèyàn mẹ́ta ò lè fọwọ́ gbá a mọ́ra kí wọ́n kan ara wọn. Lọ́dọọdún tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú tó sì wọ́wé tán, á wá yọ àwọn nǹkan funfun kan, gígùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n á máa fì dirodiro, tó bá yá gbogbo ẹ̀ á já sílẹ̀, ìyá wa á gbá a gbá a títí á sú u, ó tán nìyẹn, a ò rí èso kankan níbẹ̀ rí. Mo fẹ́ gbin ìrókò sí ẹ̀bá oko mi ni mo ṣe ń wá kóró ẹ̀. Àbúrò mi ní kì í ṣe ìrókò gidi. Bàbá kan ládùúgbò ní inú ló ń bí igi yẹn, ká wá nǹkan fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ igi, ẹ bá mi dá sí i jàre.

Alápákò_Ìlọrin: Àbúrò, kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ìrókò ni ná. Fi àdá ha èèpo ẹ̀ díẹ̀, oje funfun gbọ́dọ̀ jáde. Gbójú sókè wò ó, ìrókò tó dàgbà á lọ gbọọrọ kó tó yẹ̀ka, òmíì á tó 20 mítà láìní ẹ̀ka kankan. Tí gbòǹgbò ẹ̀ bá yọ sókè nídìí tó ga ju èèyàn lọ, àràbà lo ń wò yẹn. Àwa tá a wà ní sọ́ọ̀mílì o, inú gẹdú la ti ń mọ̀ ọ́n, tá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là á á pọ́n rúsúrúsú, tó bá pẹ́ nínú afẹ́fẹ́ á di búráùn, ikán ò sì ríbi jẹ ẹ́. Àmọ́ òkúta máa ń wà nínú ẹ̀ nígbà míì, òkúta gidi wallahi, eyín ayùn á kán, àwọn ọmọ iṣẹ́ á ní olúwéré, iwin inú ìrókò, ló ń bínú. Ebú pákó ẹ̀ náà kì í ṣeré, ẹni tí ara ẹ̀ ò bá gbà á á sín títí, ara á máa yún un. Ti èso yẹn ṣá, mi ò mọ̀dí ẹ̀, gígé lèmi mọ̀.

Ìyá_Ewé: Ẹ kú iṣẹ́ Alhaji, àmọ́ ẹ fi olúwéré sílẹ̀ jàre 😂. Oxalate, irú iyọ̀ kan tí igi fúnra ẹ̀ ń ṣe, wà nínú igi yẹn, bakitéríà àtàwọn ohun bí olú tó ń gbé inú igi àti inú ilẹ̀ ló ń sọ ọ́ di òkúta ẹfun.

Ọmọ Ìgbómìnà, ìrókò ni, akọ ni. Milicia excelsa làwọn onímọ̀ ń pè é (ìwé àtijọ́ á kọ ọ́ ní Chlorophora), mọ̀lẹ́bí ọ̀pọ̀tọ́ ni, bíi ti ìbẹ́pẹ ló sì ṣe ń ṣe, akọ lọ́tọ̀ abo lọ́tọ̀. Nǹkan funfun tí ìyá ń gbá yẹn òdòdó akọ ni, ó lè gùn tó 15 sẹ̀ǹtímítà, afẹ́fẹ́ ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú ẹ̀ lọ bá abo, tó bá ti tú u tán á já. Ti abo kúrú, ó sanra, ó ní àwọ̀ ewé, òun ló ń di èso. Tó bá pọ́n á rọ̀ múlọ́múlọ́, kóró wẹ́wẹ́ á kún inú ẹ̀, ọ̀kan ò ju bíi mílímítà méjì lọ. Àdán fẹ́ràn ẹ̀ púpọ̀, ibi tó bá gbé e fò dé náà ló ń yàgbẹ́ kóró sí, ẹ ò rí i pé ìrókò ń hù níbi tẹ́nì kankan ò gbìn ín.

Ọmọ_Ìgbómìnà: Háà! Ẹ ṣé gan-an mà. Ṣé mo wá lè gé gbòǹgbò ti ilé wa kí n fi gbìn?

Ìyá_Ewé: Ó lè hù, àmọ́ akọ náà lẹ máa ní, kò ní so láéláé. Tó bá jẹ́ pákó lẹ ń wá, kò burú. Tó bá jẹ́ kóró lẹ rí, ẹ fọ èso yẹn nínú omi, ẹ tètè gbìn ín, tó bá pẹ́ nílé kì í hù mọ́. Ẹ má sọ pé wọ́n fún yín ní nǹkan míì o, ewé ọmọ ìrókò rí hánhán, etí ẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́, ti àgbà ló ń dán tí etí ẹ̀ ń jọ̀lọ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni kòkòrò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Phytolyma, ewé tuntun ló ń wọ̀, ewé á wú kókó, kókó á bẹ́, á jẹrà, orí igi á kú. Èyí tí wọ́n bá tò jọ sójú kan ló ń pa jù, torí náà ẹ tú u ká sáàárín igi míì, kí ibòji díẹ̀ wà lórí ẹ̀ nígbà tó ṣì kéré.

Adé_Èsìé: Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan wà lápá ibí tí àdán kì í jẹ́ ká sùn lórí ẹ̀ tó bá ti dìgbà èso, abo nìyẹn á jẹ́. Ẹ wá ní bíi March, ẹ mú ike dání, abẹ́ ẹ̀ máa ń kún. Ẹ dé fìlà o.