Brownie gbígbóná lásìkò òtútù: ẹ gbé e jáde kó tó jinná tán

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ará. Nítorí àwọn tó béèrè bí a ṣe ń yan brownie, ìpanu ṣokoléètì pẹlẹbẹ tí a ń gé wẹ́wẹ́, tí inú rẹ̀ rọ̀ tí ojú rẹ̀ sì ń dán, mo ní kí n fara balẹ̀ kọ ọ́. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dán an wò, èyí tí mo gbé jáde le débi pé ọ̀bẹ ń ta padà lórí rẹ̀, nítorí pé mo ṣe é bí ẹni ń yan àkàrà òyìnbó: mo dúró kí igi ìtayín tí mo ń kì bọ̀ ọ́ jáde ní mímọ́ tónítóní.

Fún páànù onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20, mo máa ń lo bọ́tà gíráàmù 170, ṣokoléètì dúdú gíráàmù 170, ṣúgà gíráàmù 250, ẹyin mẹ́ta, ìyẹ̀fun àlìkámà gíráàmù 90, kòkó lílọ̀ gíráàmù 30 àti iyọ̀ díẹ̀. Òṣùwọ̀n ni kí ẹ lò, kì í ṣe ife, nítorí ìyẹ̀fun tí a kì mọ́ inú ife wúwo ju èyí tí a rọra bù lọ. Ẹ sì ka ara ọ̀rá ìyẹ̀fun náà kí ẹ tó rà á, torí èyí tí wọ́n ti po bekin páúdà mọ́ yóò wú mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ yọ́ bọ́tà àti ṣokoléètì nínú abọ́ gbígbẹ, lórí ìkòkò tí omi inú rẹ̀ ń rọra hó, láìjẹ́ kí ìdí abọ́ kan omi. Ibi tí òtútù ti ń bá wa jà ni ẹyin: èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú fíríìjì yóò mú kí bọ́tà tó ti yọ́ tún dì, ni gbogbo rẹ̀ yóò bá ṣe kókó. Mo máa ń kó ẹyin náà tèèpotèèpo sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ni màá lù ú pọ̀ mọ́ ṣúgà fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi ṣí, tí yóò sì máa ṣàn bí okùn láti ẹnu ṣíbí. Ẹ má kánjú níbẹ̀ o, torí ṣúgà tó yọ́ wọ inú ẹyin ló ń di èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dán lójú rẹ̀. Ẹ da ṣokoléètì sí i, kí ẹ fi ajọ̀ jọ ìyẹ̀fun, kòkó àti iyọ̀ lé e, kí ẹ sì dáwọ́ dúró ní kété tí ẹ kò bá rí funfun ìyẹ̀fun mọ́. Pípò àpọ̀jù ló ń mú un yi.

Ẹ dà á sínú páànù, kí ẹ gbé e sínú ààrò tó ti gbóná dé 175°C, tàbí 155°C bó bá ní fáànù nínú. Láti ìṣẹ́jú 22 ni mo ti máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ̀gbẹ́ bá ti dúró, tí àárín ṣì ń mì díẹ̀, tí ẹ̀rúnrún tútù sì lẹ̀ mọ́ igi ìtayín, ẹ gbé e jáde. Ooru ara páànù yóò parí èyí tó kù.

Ìbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an, àǹtí. Mo ṣe é lálẹ́ àná, ó dùn, ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé e jáde tí mo gé e, ó fọ́ yẹ́lẹyẹ̀lẹ, ó sì lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ. Ṣé dandan ni kó tutù pátápátá ni? Gbígbóná rẹ̀ gan-an ni mo ń wá nínú òtútù yìí.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ìkánjú ló fà á. Fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí o sì máa ti ọ̀bẹ bọ omi gbígbóná, kí o nù ún gbẹ, kí o tó gé ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èmi kúkú máa ń yan tèmi lọ́jọ́ tó ṣáájú, màá gé e nígbà tó bá tutù, màá wá gbé ẹyọ kan sínú microwave fún ìṣẹ́jú àáyá 15 nígbà tí mo bá fẹ́ jẹ ẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́kù, wé e dáadáa sínú fìrísà. Yóò wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta.

Àfikún: Páànù gíláàsì ni mo ní, ẹ̀gbẹ́ tèmi sì máa ń gan kí àárín tó jinná.

Ìdáhùn: Gíláàsì ni, ẹ̀gbọ́n. Ó ń pẹ́ kó tó gbóná, bó bá sì gbóná tán, kì í tètè tutù. Ẹ lo páànù onírin tí àwọ̀ rẹ̀ kò dúdú, kí ẹ tẹ́ bébà sínú rẹ̀ kí etí bébà yọ síta, kí ẹ lè fà á gbé jáde.