Ferrari 360 àbí F430: èwo ni kí n rà?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Ìbarà níbí l'Abẹ́òkúta ni mo ń gbé. Ó ti pẹ́ tí ọkàn mi ti ń fà sí Ferrari, Ọlọ́run sì ti ṣe é, owó tòkunbọ̀ ti wà nílẹ̀. 360 Modena ọdún 2001 àti F430 ọdún 2006 ni mo ń wò. Owó 360 tí wọ́n fi hàn mí kò tó ti F430, ó sì wù mí lójú jù. Ṣùgbọ́n timing belt (bẹ́líìtì rọ́bà tó ń mú kí àwọn ẹ̀yà inú ẹ́ńjìnnì máa yí pọ̀ lásìkò) ló ń lò, èèyàn gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè; bó bá já pẹ́nrẹ́n, ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́ nìyẹn. Ṣéènì ni ti F430, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì tóbi jù, 4.3 lítà sí 3.6. Àmọ́ páìpù èéfín tó so mọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń sán.

Mo bi mẹkáníìkì mi ní Pánṣẹ́kẹ́, ó ní òun kò fọwọ́ kan irú rẹ̀ rí. Mo tún fi téèpù wọn bọ́ǹpù ẹnu géètì wa: àfi kí n máa fi ẹ̀gbẹ́ gùn ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ imú mọ́tò á ha.

Fún ẹni tí yóò máa gbé e lọ sí Èkó fún àtúnṣe, èwo nínú méjèèjì ni ìnáwó rẹ̀ máa ṣeé gbé?

Mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.