Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé ẹ̀rọ géèmù PS5 (PlayStation 5) nìkan ni kí n rà, àbí kí n fi Xbox kún un?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣọ́ọ̀bù géèmù ni mo ní ní Kubwa, Abuja níbí. Àwọn PS4 mi ti gbó. Páàdì kan wà tó jẹ́ pé ẹ kò ní fọwọ́ kàn án, agbábọ́ọ̀lù yín á ti máa rìn lọ fúnra rẹ̀. Owó tí mo máa fi ra tuntun ti wà nílẹ̀.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé àwọn oníbàárà ń sọ ọ́ kiri pé ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ géèmù fẹ́ ra ilé-iṣẹ́ géèmù kan tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn. Ẹ̀rù ń bà mí pé géèmù wọn lè má sí lórí ẹ̀rọ kejì mọ́. Microsoft tó ni Xbox ra àwọn tó ni Bethesda, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù, ní 2021. Nígbà tí géèmù Bethesda tó ń jẹ́ Starfield jáde ní 2023, kò sí ti PlayStation. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ ra Activision, àwọn tó ni géèmù ogun Call of Duty, wọ́n bá Sony tó ni PlayStation tọwọ́ bọ ìwé ọdún 10 pé Call of Duty á ṣì máa wà lórí PlayStation. Sony náà ra Bungie ní 2022, síbẹ̀ géèmù Bungie tó ń jẹ́ Destiny 2 ò kúrò lórí Xbox. Èwo ni kí n wá tẹ̀ lé?

Àánú àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ géèmù tí wọ́n ń rà tiẹ̀ ń ṣe mí. Microsoft kéde ní 2024 pé àwọn máa ti Tango Gameworks tó wà lábẹ́ wọn pa, àwọn tó ṣe géèmù Hi-Fi Rush tí aráyé ń yìn, kí Krafton, ilé-iṣẹ́ géèmù mìíràn, tó wá gbà wọ́n.

Bọ́ọ̀lù ni àwọn ọmọdé máa ń gbá lọ́dọ̀ mi, ìyẹn ò ní wàhálà. Àwọn àgbà tó ń wá lálẹ́ ni mò ń rò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣòwò yìí ní Kaduna, Jos tàbí Kano, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ṣe tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni?